Ìsoríkọ́ àti Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀

Ibà ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà náà ní in. Abájọ tí àwọn èèyàn fi ń béèrè èyí tó wà fún ìsoríkọ́. Kò tíì sí èyí tí dókítà lè gbọ́kàn lé. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wá a lójú méjèèjì.

Inú jíìnì ni àṣẹ tí ara ń tẹ̀ lé wà. Ó dà bí ìwé tí ọba tọ́jú sáàfin: kì í jáde, ẹ̀dà tí akọ̀wé bá dà kọ ni ìránṣẹ́ ń gbé lọ. RNA ni ẹ̀dà ọ̀hún. Jíìnì tí a bí mọ́ wa kì í sábà yí padà, àmọ́ àìsàn, oògùn àti hílàhílo lè mú kí ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀ sí i tàbí kó dín kù. Èyí ṣeé wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀.

Lọ́dún 2014, Eva Redei àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Northwestern, ní Amẹ́ríkà, fi ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà 32 tó ní ìsoríkọ́ wé ti 32 tí kò ní in. RNA mẹ́sàn-án ló yàtọ̀. Wọ́n wá fi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tọ́jú àwọn aláìsàn fún ọ̀sẹ̀ 18, lójúkojú tàbí lórí fóònù. Mẹ́ta nínú RNA náà ṣì yàtọ̀ kódà lára àwọn tó ti gbádùn. Àwọn olùwádìí fura pé ìwọ̀nyí lè tọ́ka sí ẹni tí ìsoríkọ́ tètè ń mú.

Ìwádìí ti King's College London ló wú wa lórí jù. Níbẹ̀, wọ́n rí i pé bí RNA jíìnì MIF àti ti interleukin-1-beta, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ara bá ń bá àrùn jà, bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, oògùn ìsoríkọ́ tí a sábà ń kọ́kọ́ lò kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ẹni náà lọ́wọ́. Oògùn wọ̀nyí lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá tètè mọ èyí tó bá òun mu yóò bọ́ lọ́wọ́ ìyà púpọ̀. Àmọ́ èèyàn 64 tí wọ́n yẹ̀ wò ní Northwestern kéré, ibà lásán náà sì lè ru irú RNA tí wọ́n wọ̀n ní London sókè.

Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ yín ní ilé ìwòsàn lónìí, a ń wò ó bóyá àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí àìsàn tairọ́ọ̀dù ló ń fa àárẹ̀ ni. Ìbéèrè la fi ń mọ ìsoríkọ́: ṣé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú yín kò dùn, tí nǹkan kò wù yín ṣe, tí oorun tàbí oúnjẹ yàtọ̀? Bó bá jẹ́ orí gbígbóná ni, tàbí bíi pé nǹkan ń rìn lórí, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Yóò yé wa.

Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ nìkan lòun yóò fi mọ ìsoríkọ́. Ẹ má dá oògùn dúró láìsọ fún dókítà. Bí èrò pé kí ẹ pa ara yín bá wá sí yín lọ́kàn, ẹ má dá wà: ẹ pe ẹni tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sì jọ wá sí ilé ìwòsàn lónìí.