Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹfinrin, ẹ gbọ́ o: Ewé náà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo àìsàn ló kápá

Bí èèyàn bá fẹ́ẹ́ mọ ilé tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀ ẹja tútù ládùúgbò, kò dìgbà tó bá bi ẹnikẹ́ni. Òórùn ẹfinrin á mú un dé ìdí àdògán. Àwọn ìyàwó ilé mọ ewé yìí, àwọn tó ń ta pẹpẹsúùpù mọ̀ ọ́n, àwọn ẹlẹ́wé ọmọ tí wọ́n ń pàtẹ lọ́jà Bódìjà n’Ìbàdàn àti lọ́jà Mushin l’Ékòó sì mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ. Nchanwu làwọn Ìgbò ń pè é, daidoya lorúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Háúsá. Àwọn onímọ̀ ewéko ní tiwọn sọ ọ́ ní Ocimum gratissimum.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ yìí kọjá ti ọbẹ̀. Ẹni tó bá ń wọ mọ́tò káàkiri ìgboro á ti pàdé àwọn tó ń polówó òògùn nínú mọ́tò. Wọ́n á na ike omi ewé sókè, wọ́n á ní ẹfinrin wà nínú ẹ̀, wọ́n á ní ó ń wo ibà, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì tún ń sọ bàbá arúgbó di ọ̀dọ́mọkùnrin lóru. Kí mọ́tò tó dé ibi tó ń lọ, ike mẹ́rin márùn-ún á ti tà. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ara ẹ̀ kó tó tọwọ́ bọ àpò ni pé, èwo ló jóòótọ́ níbẹ̀, èwo ló sì jẹ́ ariwo ọjà lásán?

OHUN TÁWỌN ÌYÁ ÀGBÀ MỌ̀

Àwọn baba wa kò dédé mú ewé yìí. Bí inú bá ń run àgbàlagbà, tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n á já ẹfinrin bí ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á fi omi ṣàn án, wọ́n á fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á gbo ó títí tí omi ẹ̀ á fi jáde, wọ́n á sì gbé e fún un mu. Bí imú bá dí, wọ́n á bọ ewé náà, onítọ̀hún á daṣọ borí, á sì máa fa ooru ẹ̀ símú. Nígbà tí àrùn Kòrónà gbòde lọ́dún 2020, ọ̀pọ̀ èèyàn ló tún padà sídìí ooru ewé yìí. Àwọn mìíràn ń gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nítorí ẹ̀fọn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ẹ́ se ẹran òbúkọ, òun ni wọ́n fi ń pa òórùn ẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú ewé bẹ́ẹ̀ ti níyì. Lórílẹ̀-èdè Íńdíà, mọ̀lẹ́bí ẹfinrin kan wà tí wọ́n ń pè ní tulsi. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kà á sí ewé mímọ́, wọ́n ń gbìn ín sórí pèpéle láàárín àgbàlá, wọ́n ń bomi rin ín, wọ́n ń tanná síbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ń ṣe ìgbéyàwó fún un pẹ̀lú òrìṣà wọn tí wọ́n ń pè ní Vishnu lọ́dọọdún. Bó ṣe jẹ́ òògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn lọ́hùn-ún náà nìyẹn. Tulsi àti ẹfinrin wá láti ìdílé kan náà, àmọ́ wọn kì í ṣe ewé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rí tulsi nínú páálí tíì, kó má rò pé ẹfinrin ọbẹ̀ ló rà o.

OHUN TÁWỌN ONÍMỌ̀ BÁ NÍNÚ Ẹ̀

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa náà kò káwọ́ gbera. Lọ́dún 1969, El-Said, Ṣófowórà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde nínú ìwé ìmọ̀ Planta Medica, wọ́n fẹ́ẹ́ mọ̀ bóyá ohun táwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà ń sọ nípa ẹfinrin dúró lórí òótọ́. Òróró tó wà nínú ewé náà ni ọ̀gá ibẹ̀. Nínú ẹfinrin ilẹ̀ wa, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní thymol ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú òróró yìí, ó sì ń pa kòkòrò àìfojúrí. Thymol yìí kan náà ni wọ́n ń fi sínú àwọn òògùn olómi tí wọ́n fi ń yọ ẹnu. Abájọ tí ewé náà fi ń ta lórí ahọ́n!

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni ti Bùràsíìlì. Alfavaca ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, irú kan sì wà lọ́hùn-ún tó jẹ́ pé eugenol ló pọ̀ jù nínú tiẹ̀, ìyẹn èròjà tó fún kànáfùrù lóòórùn. Ewé kan náà, orúkọ kan náà, àmọ́ ohun tó wà nínú wọn yàtọ̀. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá ní ife kan ẹfinrin tó fún ẹnikẹ́ni níbikíbi, àsọdùn ló ń sọ.

Lọ́dún 1999, Offiah àti Chikwendu fi omi ewé náà dán àwọn ẹranko wò, wọ́n sì rí i pé ó dín ìgbẹ́ gbuuru kù. Lọ́dún 2000, àwọn mìíràn tún dán an wò lára eku, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì wálẹ̀. Nígbà tó di 2002, Orafidiya àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi òróró ẹfinrin po ìpara fáwọn tí irorẹ́ ń yọ lẹ́nu. Èyí tí wọ́n fi òróró ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún pò ṣiṣẹ́ dáadáa. Èyí tí wọ́n sọ di ìdá márùn-ún náà ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń ta wọ́n lára. Ohun tó dáa bá pọ̀ jù, ó di wàhálà.

IBI TÍ EWU WÀ

Eku kì í ṣe èèyàn. Pé ṣúgà eku wálẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kí ìyá tó ní ìtọ̀ ṣúgà da òògùn dókítà nù, kó máa mu omi ẹfinrin láàárọ̀ lálẹ́. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹlòmíràn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, ara ẹ̀ á fúyẹ́ lẹ́yìn tó mu agbo lọ́jọ́ mẹ́ta, á ní òun ti gbádùn, á pa òògùn tì. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ó lè má dun èèyàn níbì kankan títí tí yóò fi sọ ọ́ di ẹni tí apá kan ara ẹ̀ rọ. Ẹni tó sì ń lo òògùn ìtọ̀ ṣúgà, tó tún ń mu ẹfinrin mọ́ ọn, kó sọ fún dókítà ẹ̀, nítorí ṣúgà lè wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Èyí tó wá léwu jù ni tàwọn ọmọdé. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ fúnra ẹ̀ kọ́ ló sábà ń pa á, omi àti iyọ̀ tó ń bá a jáde lára ni. Ìyá tó bá jókòó ti omi ewé, tó ń retí kí ìgbẹ́ dá, àsìkò ló ń fi ṣòfò. Ohun tí ọmọ nílò ni omi iyọ̀ òun ṣúgà, ìyẹn ORS. Bí kò bá sí èyí tí wọ́n ń tà nílé, ẹ wọn lítà kan omi tó mọ́, ẹ fi ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà sí i àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀. Kí ṣíbí náà tẹ́jú o, ẹ má ṣe bù ú gègèrè. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì gba ọmú lẹ́nu ẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé tún ní kí wọ́n fún un ní zinc fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, òṣìṣẹ́ ìlera ló sì máa sọ ìwọ̀n tó yẹ é. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí àwùjẹ̀ orí ẹ̀ jìn, tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti agbo, ọsibítù ló kàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdodo ọmọ tuntun. Àwọn kan ṣì ń gún ẹfinrin lé e kó lè tètè jábọ́. Ewé tó ti ilẹ̀ wá lè gbé kòkòrò ipá wọnú egbò, ipá kì í sì í ṣe àìsàn tí wọ́n ń fi ṣeré.

Ní ti àwọn oníke inú mọ́tò, ẹ wo ara ike náà dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Àjọ NAFDAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1993, ló ń forúkọ òògùn sílẹ̀. Kódà lára ọ̀pọ̀ òògùn ìbílẹ̀ tó ní nọ́ńbà wọn, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí ẹni tó ṣe é sọ pé ó ń wò wò. Èyí tí kò wá ní nọ́ńbà rárá ńkọ́?

Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kẹ́ ẹ má jẹ ẹfinrin mọ́. Ẹ gbìn ín sẹ́yìnkùlé, ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ já a sọ́bẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kó jinná, kí òórùn ẹ̀ má baà bá ooru lọ. Inú rírun kékeré, imú dídí, ẹ lè fi ṣe é bí àwọn ìyá àgbà ti ń ṣe. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé ewé ń jẹ́, èyí tí kò jẹ́, ewé ẹ̀ ni kò pé. Bí ẹfinrin nìkan kò bá wá pé, ẹ tètè wá èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ dókítà.