Ewé Aláwọ̀ Àlùkò tí í Bo Ilẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé àgbàrá òjò kò ní òun kò níí wó ilé, onílé ni kò níí gbà fún un. Bí a bá wo ọ̀pọ̀ àgbàlá ní ìlú wa, ilẹ̀ tí a ń gbá ní òròòwúrọ̀ mọ́ tónítóní lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìhòòhò ni ó wà. Nígbà tí òjò líle bá dé, iyẹ̀pẹ̀ a bá omi lọ, ìpìlẹ̀ ilé a sì yọ síta. Ọ̀kan nínú ohun tí a lè fi bo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ohun ọ̀gbìn kan tí ewé rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò tí ó dúdú. Tradescantia pallida ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Mẹ́síkò ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ìbátan ni ó jẹ́ fún koríko olódòdó aláwọ̀ aró nì, tí àwọn àgbẹ̀ wa ń bá jà nínú oko, tí a fà tu lónìí tí ó tún hù lọ́la. Igi rẹ̀ rọ̀, ó kún fún omi, ó sì ń rá lórí ilẹ̀. Níbi tí oríkèé rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ ni ó ti ń ta gbòǹgbò. Gbòǹgbò wọ̀nyí ni wọ́n ń di iyẹ̀pẹ̀ mú. Òdòdó rẹ̀ kéékèèké a máa là ní òwúrọ̀, a sì máa pa dé ní ọ̀sán. Kì í kú lọ́dọọdún bí àgbàdo. Ọdún gorí ọdún ni yóò máa hù.

Gbígbìn rẹ̀ kò ṣòro. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kọ́kọ́ tu gbogbo koríko ibẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Gé ọ̀mùnú rẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15, já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí o sì ri oríkèé méjì mọ́ ilẹ̀. Fi àyè sẹ̀ǹtímítà 30 sí àárín wọn. Máa ro ó títí wọn yóò fi pàdé ara wọn. Lẹ́yìn èyí, òjìji wọn kò ní jẹ́ kí koríko kéékèèké rí àyè hù. Máa rẹ́ orí rẹ̀ kí ó lè yọ ẹ̀ka.

Oòrùn ni ó ń mú àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Bí a bá gbìn ín sábẹ́ igi ńlá, yóò yè, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ yóò máa padà sí àwọ̀ ewé lásán. Ó lè fara da ọ̀dá, nítorí omi tí ó wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá dúró sí ìdí rẹ̀, yóò rà.

Ohun mẹ́ta ni kí a ṣọ́ra fún. Èkíní, oje rẹ̀ a máa mú ara yún àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá gé e, kí ó fọ ọwọ́. Èkejì, kí a má ṣe da èyí tí a gé sí etí odò tàbí inú igbó, nítorí yóò hù níbẹ̀, yóò sì fún ewéko ibẹ̀ pa. Ẹ̀kẹta, ewé yìí kò lè gba iṣẹ́ gọ́tà ṣe: níbi tí àgbàrá ti ń ya bí odò, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ọ̀nà fún omi.

Ilẹ̀ tí òjò bá gbé lọ ní ọjọ́ kan kò ṣeé dá padà ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá bo ilẹ̀ rẹ̀ kí òjò tó dé ni kò níí gbà fún àgbàrá.