Etí Wa: Bí Ó Ṣe Ń Gbọ́ràn àti Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bò Ó

Pa ojú rẹ dé fún ìṣẹ́jú kan, kí o sì tẹ́tí sílẹ̀. Kí ni o gbọ́? Bí o bá ń gbé ní Ṣómólú tàbí ní Bàrígà, kò ní pẹ́ tí oríṣiríṣi ìró yóò fi wọ etí rẹ. O lè gbọ́ ohùn kọndọ́kítọ̀ dánfó tó ń pe èrò. O lè gbọ́ ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, àti ẹ̀rọ àwọn atẹ̀wé, nítorí pé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ pọ̀ púpọ̀ ní Ṣómólú. Síbẹ̀, bí ìyá rẹ bá pè ọ́ láàárín gbogbo ariwo yìí, wàá mọ̀ pé òun ni. Etí ni ó ń ṣe iṣẹ́ ńlá yìí fún ọ.

Kí ni ìró?
Afẹ́fẹ́ tó ń mì ni ó ń gbé ìró kiri. Bí o bá ju òkúta sínú omi ọ̀sà ní Bàrígà, wàá rí i pé omi náà yóò máa ru ní òrùka-òrùka lọ sí etí bèbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìró ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́. Bí onílù bá lu dùndún, awọ ìlù náà a mì, a sì mi afẹ́fẹ́ tó yí i ká. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń gbé ìró ìlù náà wá bá wa.

Dán èyí wò. Na ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ife kan, kí ó le dáadáa, kí o sì fi rọ́bà dè é. Wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sórí ọ̀rá náà. Wá sún mọ́ ọn, kí o fi ohùn òkè ké pé "Òòò!" Má fẹ́ atẹ́gùn sí i o. Wàá rí i tí iyọ̀ náà yóò máa jó. Ohun tó fara jọ ọ̀rá yìí wà nínú etí rẹ.

Bí etí ṣe ń ṣiṣẹ́
Ọ̀nà mẹ́ta ni a pín etí sí: etí òde, etí àárín àti etí inú.

Etí òde ni èyí tí a ń fi ojú rí, pẹ̀lú ihò tó wọ inú orí lọ. Ihò yìí gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 nínú etí àgbàlagbà. Ní ìparí rẹ̀ ni awọ fẹ́lẹ́ kan wà tí a ń pè ní ìlù etí. Bí ìró bá kàn án, a máa mì bí awọ dùndún.

Etí àárín wà lẹ́yìn ìlù etí. Egungun kéékèèké mẹ́ta ni ó so kọ́ra níbẹ̀. Ẹ̀kẹta wọn ni egungun tó kéré jù lọ nínú ara ènìyàn; kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Bí ìlù etí bá mì, àwọn egungun yìí a gba ìró náà, wọn a sì gbé e wọ etí inú. Ọ̀nà tóóró kan tún wà láti etí àárín lọ sí ọ̀fun. Ìdí nìyí tí ọ̀fìnkìn fi lè mú kí etí máa dun ènìyàn.

Etí inú lọ́ bí ìkarahun ìgbín, omi ni ó sì kún inú rẹ̀. Irun tíntìntín tí a kò lè fi ojú lásán rí wà níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí ìró bá ru omi náà, àwọn irun yìí a tẹ̀, wọn a sì rán iṣẹ́ gba ojú iṣan lọ sí ọpọlọ. Ìgbà náà ni ọpọlọ yóò sọ pé, "Ìyá mi ń pè mí."

Ohun tí ariwo ń ṣe
Bí ènìyàn bá tẹ koríko mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, koríko náà a tún dìde. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ibẹ̀ a di ojú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ariwo ńlá ṣe ń ṣe irun etí inú. Bí a bá fá irun orí, yóò tún hù. Irun etí inú kì í tún hù bí ó bá ti kú.

Àwọn irun tó ń gbọ́ ìró tín-ín-rín ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí: sá, ṣá, fá. Ohùn wọn dọ́gba. S, ṣ àti f nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ ti ń bàjẹ́ lè gbọ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, kí ó má mọ èyí tí ó sọ nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ pé "Sá!" ni a ń pariwo fún un nítorí mọ́tò tó ń bọ̀ ńkọ́?

Ọmọṣẹ́ tó ń dúró ti ẹ̀rọ ńlá lójoojúmọ́ láìdí etí lè má tètè mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Kò dùn ún, kò sì ṣẹ̀jẹ̀. Bí ó bá yá, wọn a máa pè é kò ní dáhùn, wọn a ní olóríkunkun ni.

Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ìró ṣe lágbára tó. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì ń bá ara wọn sọ jẹ́ nǹkan bíi 60. Bí ariwo bá tó 85, kò yẹ kí ènìyàn wà nídìí rẹ̀ ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Bí ó bá fi 3 lé sí i, kí a dín àkókò náà kù sí ìdajì: wákàtí 4 fún 88, wákàtí 2 fún 91. Bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Bí o kò bá ní ẹ̀rọ ìwọ̀n, ṣe èyí: bí o bá gbọ́dọ̀ pariwo kí ẹni tí ọwọ́ rẹ lè tó tó gbọ́ ọ, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù.

Bí a ṣe lè tọ́jú etí
1. Má ṣe jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè níbi àríyá tàbí níbi ìsìn.
2. Bí o bá ń fi íápíìsì gbọ́ orin, dín ohùn rẹ̀ kù, kí o sì máa sinmi.
3. Má ṣe ki ìyẹ́ adìẹ, ẹyọ ìgbálẹ̀ tàbí ìṣáná bọ etí. Ó lè lu ìlù etí.
4. Má ṣe gbá ẹnikẹ́ni létí. Ìgbátí kan ṣoṣo lè fa ìlù etí ya.
5. Bí etí bá ń dùn ọ́, tí ó ń ṣọyún, tàbí tí ó ń dún láìdákẹ́, sọ fún òbí rẹ kí wọ́n mú ọ lọ sí ilé-ìwòsàn. Ẹ má ṣe ro oògùn tí dókítà kò fún yín sí i.

Kì í ṣe ariwo nìkan ni ó ń sọ ènìyàn di adití. Wọ́n bí àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Àìsàn ni ó sì fà á fún àwọn mìíràn. Ọmọ ọdún 11 ni Andrew Foster, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí àrùn yírunyírun sọ ọ́ di adití. Síbẹ̀ ó kàwé gboyè ní yunifásítì ní ọdún 1954, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Nítorí náà, má ṣe fi adití ṣe yẹ̀yẹ́. Kọjú sí i bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀, kí o sì kọ́ bí ó ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní etí tó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀. Tọ́jú etí rẹ láti ìsinsìnyí, kí ó lè bá ọ dé ọjọ́ ogbó.

Ìbéèrè
1. Ọ̀nà mélòó ni a pín etí sí? Dárúkọ wọn.
2. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín irun orí àti irun etí inú?
3. Wákàtí mélòó ni ó yẹ kí ènìyàn wà nídìí ariwo tó jẹ́ 94 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì?
4. Kí ló dé tí kò fi yẹ kí a gbá ọmọ létí?
5. Kọ orúkọ ohun mẹ́ta tó ń pariwo ní àdúgbò rẹ, kí o sì sọ bí o ṣe lè dáàbò bo etí rẹ níbẹ̀.