Ilé-iṣẹ́ dọjà, ọjà di ibùdókọ̀: Ẹ̀kọ́ ńlá tí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ń kọ́ àwọn oníṣòwò kékeré

Bó bá ti di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sẹ́ni tó máa gba ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá kọjá lágbègbè Ìsọlọ̀ tí kò ní í mọ̀ pé ọjà ń ná lọ́jọ́ náà. Ọjà Aswani nìyẹn. Aṣọ wà níbẹ̀, bàtà wà, báàgì wà, kọ́tíìnì àti àwo wà, òkìríkà táwọn ará Èkó tún ń pè ní bọ́síkọ̀nà náà sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọdé tó ń ná ọjà náà kò mọ̀ ni pé Aswani kì í ṣe orúkọ ọjà látìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe aṣọ ládùúgbò náà ni. Àdúgbò tí wọ́n ti ń ṣe aṣọ tuntun láyé ọjọ́un làwọn èèyàn ti ń ṣa àlòkù aṣọ òyìnbó báyìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn lásán fún ẹni tó ń ṣòwò. Láàárín ogójì ọdún, ilé-iṣẹ́ ti dọjà ní Ìsọlọ̀, ilé gbígbé ti di ṣọ́ọ̀bù, ọjà sì ti di ibùdókọ̀ l'Óṣòdì. Nínú gbogbo ìyípadà wọ̀nyí, àwọn kan rí owó, àwọn kan sì pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n ní. Ohun tó fà á tọ́rọ̀ wọn fi yàtọ̀ síra ló yẹ kí gbogbo ọlọ́jà mọ̀.

Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, ìjọba la ọ̀nà márosẹ̀, ilé-iṣẹ́ sì pọ̀ rẹpẹtẹ ní Ìsọlọ̀, Ìlasamàjà àti Mátòrí. Láyé ìgbà náà, kì í ṣe ẹni tó bá wù ló lè kó ọjà wọlé láti òkè òkun, àfi ẹni tí ìjọba bá fún níwèé àṣẹ. Godwin Emefiele, ẹni tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ lọ́dún 2019, sọ lọ́dún náà pé ilé-iṣẹ́ aṣọ tó lé ní 180 ló wà ní Nàìjíríà láàárín àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń lọ bíi 450,000.

Nígbà tó di ọdún 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò ọrọ̀ ajé tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí SAP jáde. Wọ́n fòpin sí ìwé àṣẹ ìkọ́jàwọlé, náírà sì já wálẹ̀. Owó ẹ̀rọ àti aró tí ilé-iṣẹ́ ń rà láti òkè òkun gòkè lójijì, iná ìjọba kò dúró dáadáa, aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti Éṣíà sì ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì làwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ń kógbá sílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn kò rí iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n gbé àtẹ lọ.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan nirú ẹ̀ bá. Lọ́dún 1989, àwọn ìlú bíi Warsaw ní Pólàǹdì bọ́ lábẹ́ ìjọba tó jẹ́ pé òun ló ni ilé-iṣẹ́, òun ló ni ilé, òun náà ló sì ń pàṣẹ iye tí wọ́n máa ta ọjà. Nígbà tí ìjọba náà kógbá sílé, àwọn èèyàn tẹ́ ọjà sílẹ̀ lẹ́bàá títì, lórí pápá àti nínú ilé àbágbé. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí pé Nàìjíríà kò fìgbà kan jẹ́ ìlú àwọn kọ́múníìsì, ṣùgbọ́n ibi kan náà lọ̀rọ̀ já sí: níbi tí ìjọba bá ti kẹ́rù rẹ̀ kúrò, oníṣòwò kékeré ló ń wọbẹ̀.

Ẹ wo ẹ́sítéètì Jákàńdè ní Ìsọlọ̀. Láàárín ọdún 1979 sí 1983, ìjọba Alhaji Látééfù Jákàńdè kọ́ àwọn ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri Èkó fáwọn tówó wọn kò tó nǹkan. Ilé gbígbé ni wọ́n kọ́ ọ sí. Nígbà tí owó oṣù kò tó jẹun mọ́, àwọn tó wà nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í la ilẹ̀kùn síta. Yàrá di ṣọ́ọ̀bù télọ̀, fèrèsé di ojú ìtajà, iwájú ilé di ibi tí wọ́n ti ń ṣerun. Bákan náà ló rí nínú àwọn ilé alájà púpọ̀ tí ìjọba kọ́ sáwọn ìlú ìlà-oòrùn Yúróòpù. Àǹfààní wà níbẹ̀ lóòótọ́, torí pé ọlọ́jà kò wọkọ̀, kò san owó ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n àfikún tí kò sí nínú pílánù tí ìjọba fọwọ́ sí, ìjọba lè wó o nígbàkigbà.

Òṣòdì ni ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà ti hàn gbangba. Ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé tí rélùwéè ti gba ibẹ̀ kọjá. Níbi tí ọ̀nà Agége ti pàdé ọ̀nà Àpápá, tí mólúè àti dánfó ń já èrò sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò lè ṣe kọ́jà má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọlọ́jà tẹ́ ọjà dé ojú irin, bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè, wọn a kó o kúrò, bó bá kọjá tán, wọn a tún tẹ́ ẹ padà. Títì tó yẹ kí ọkọ̀ mẹ́rin gbà lẹ́ẹ̀kan náà kò gba ju ẹyọ kan lọ, àwọn gbéwiri sì rí ibi fara pamọ́ sí.

Lóṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá kó katapílà wọ Òṣòdì, ó wó àwọn ìsọ̀ tó wà lójú títì. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dín kù, àwọn èrò ọkọ̀ sì yọ̀. Ọdún méje géérégé lẹ́yìn ìyẹn, lóṣù kìíní ọdún 2016, ó kan ọjà Owónífáàrí. Ìjọba Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé sọ pé àwọn ọ̀daràn fi ibẹ̀ ṣe ibùba, wọ́n sì ní káwọn ọlọ́jà kọjá sí ọjà Ìsọ̀pákódowó ní Bọ́ládé. Àwọn ọlọ́jà ní àkókò tí wọ́n fún àwọn kéré jù, ọ̀pọ̀ ni kò sì rí ọjà wọn kó kí katapílà tó dé.

Ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta, tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ so pọ̀, ló wà l'Óṣòdì báyìí. Ààrẹ Muhammadu Buhari ló ṣí i lóṣù kẹrin ọdún 2019. Lóṣù kẹjọ ọdún 2020, bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ sí í ná Òṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá. Lóṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádò dé Oyíngbò, Òṣòdì sì wà lára ibi tó ti ń dúró. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù rẹ̀ jó mọ́lé náà ńkọ́? Èrò tó ń gba orí afárá kọjá kò rí àtẹ tó wà nísàlẹ̀ mọ́.

Ohun tójú àwọn ọlọ́jà Warsaw náà rí nìyẹn. Pápá ìṣeré ńlá kan tí ìjọba kọ́ lọ́dún 1955 di ọjà lẹ́yìn ọdún 1989, àwọn ará Vietnam ta aṣọ níbẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà náà sì pàtẹ bàtà síbẹ̀. Nígbà tí Pólàǹdì fẹ́ gba àlejò ìdíje bọ́ọ̀lù Yúróòpù ti ọdún 2012, ìjọba lé gbogbo wọn, wọ́n sì kọ́ pápá tuntun síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọjá sí ilé ìtajà ńlá kan ní òpópónà Marywilska. Lóṣù karùn-ún ọdún 2024, iná jó ilé náà, nǹkan bíi 1,400 ṣọ́ọ̀bù ló sì bá a lọ.

Kí wá ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀? Àkọ́kọ́, tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Ẹni tó ti ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ fún ogún ọdún kò ní ẹ̀tọ́ sí ibi tó jókòó sí nítorí ìyẹn. Kẹ́ ẹ tó san owó àsansílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹ wádìí ẹni tó ni ilẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ti rélùwéè ni. Láti ọdún 2003 ni ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti pín káńsù Òṣòdì-Ìsọlọ̀ sí mẹ́ta: Òṣòdì-Ìsọlọ̀ fúnra rẹ̀, Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ wà lábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ilé ṣe ṣọ́ọ̀bù, kó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ LASPPPA.

Ìkejì, oníbàárà lọjà, kì í ṣe ìsọ̀. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ lè pè wọ́n wá síbi tuntun. Ẹni tó jẹ́ pé èrò tó ń kọjá lọ nìkan ló gbójú lé, ọjọ́ tí èrò bá gba ibòmíràn lọjà rẹ̀ kú.

Ìkẹta, ẹ má kó gbogbo owó òwò síbi kan ṣoṣo. Ẹ ya ọjà sọ́tọ̀ sílé, ẹ bi ilé-iṣẹ́ adójútòfò léèrè iye tí wọ́n máa gbà. Ẹni tó bá ń fi 500 náírà pamọ́ lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, yóò ní 156,000 náírà nípẹ̀kun ọdún. Kò tó ra ilé, ṣùgbọ́n ó lè tún àtẹ gbé lọ́jọ́ tí katapílà bá dé.

Ibi tó dà bíi pé kò lólúwa ló máa ń mówó wọlé jù. Kẹ́ ẹ jẹ èrè rẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ máa rántí pé olúwa rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ sì ti la ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ kó tó dé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.