Ẹ̀yin Òbí, Ṣé Ọmọ Yín Ń Ga Bí Ó Ti Yẹ?

Inú ọ̀pọ̀ abiyamọ kì í dùn bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tirẹ̀ ni ó kúrú jù lọ nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá tò. Kíá, ìyá á ti sáré lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba. Kì í ṣe bí ọmọ ti ga tó lónìí nìkan ni kí a wò, bí kò ṣe bí ó ti ń ga láti ọdún dé ọdún.

Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń lo káàdì ìdàgbàsókè. Kì í ṣe àjèjì sí wa: ní ìparí àwọn ọdún 1950, ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni Dókítà David Morley ti ń kọ ìwúwo àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sórí irú rẹ̀. Èyí tí a fi ń wo gíga, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2006 àti 2007, gba ọmọ títí dé ọdún 19. Ọjọ́ orí wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, iye sẹ̀ǹtímítà wà ní ẹ̀gbẹ́, àwọn ìlà tí ó tẹ̀ díẹ̀ bí ọrun sì ń gòkè láàárín. Nínú 100 ọmọ, 50 ni kò ga tó ìlà àárín. 3 péré ni kò ga tó ìlà ìsàlẹ̀. Àwọn 3 yìí náà lè wà ní àlàáfíà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Òjó ga ní sẹ̀ǹtímítà 107 ní ọdún 6, 112 ní ọdún 7, 117 ní ọdún 8. Ìlà ìsàlẹ̀ ni ó ń tọ̀, kò sì yà kúrò lórí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò ga, ìyá rẹ̀ kò ga. Ó jọ àwọn tí ó bí i ni. Àìná ga ní 120 ní ọdún 6, ó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ọdún 7 ó di 122, ní ọdún 8 ó di 124. Ó ṣì ga ju Òjó lọ, gbogbo ènìyàn sì ń yìn ín. Bẹ́ẹ̀ Àìná gan-an ni ó yẹ kí wọ́n mú lọ sọ́dọ̀ dókítà! Ọmọ ọjọ́ orí yìí a máa fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6 ga lọ́dún. 2 péré ni tirẹ̀. Ó ti sọ̀kalẹ̀ láti ìlà òkè wá sí abẹ́ ìlà àárín. Àìsàn tí ó fara sin, bíi ti kíndìnrín, lè wà nídìí rẹ̀. Bí a bá tètè mọ̀, a lè wò ó. Bí egungun bá ti gbó tán, kò tún sí gíga mọ́.

Ẹ rántí ìgbà ìbàlágà pẹ̀lú. Ọmọbìnrin a máa yára ga jù lọ ní nǹkan bí ọdún 12, ọmọkùnrin ní nǹkan bí ọdún 14. Lórí ìlà àárín, ọmọbìnrin ọdún 12 jẹ́ 151, ọmọkùnrin 149. Ní ọdún 14, ọmọkùnrin ti di 163, ọmọbìnrin 160. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ọmọkùnrin ọdún 12 ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ga jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmú bá yọ kí ọmọbìnrin tó pé ọdún 8, ẹ lọ rí dókítà: ẹni tí ó bàlágà ṣáájú àkókò a sáré ga, a sì tètè dúró.

Ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Kí ọmọ bọ́ bàtà, kí ó fi gìgísẹ̀ àti ìdí kan ògiri, kí ó wo iwájú gan-an. Ẹ gbé ìwé líle lé e lórí kí ó tẹ́, kí irun dídì má fi kún un. Ẹ sàmì sí ògiri, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Bí ọmọ tí ó ti lé ní ọdún 4, tí kò tíì bàlágà, kò bá fi sẹ̀ǹtímítà 4 ga ní odindi ọdún kan, ẹ mú òun àti ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ìwé yẹn yóò sọ ohun tí ojú lásán kò rí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.