Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Ìwé Yẹn?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ẹ̀bi tèmi ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jù.

Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 14, ló gbé iṣẹ́ àṣetiléwá kan wá bá mi. Ìwé tí wọ́n ń kà ní kíláàsì ni To Kill a Mockingbird, tí Harper Lee gbé jáde ní ọdún 1960. Ó ní, "Dádì, ta ló ń sọ ìtàn yìí?" Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ó ti rẹ̀ mí. Mo gba ìwé náà, mo wo iwájú rẹ̀, mo ní, "Harper Lee ni. Ṣé o ò rí orúkọ rẹ̀ ni?"

Ọmọ kọ ohun tí bàbá sọ. Nígbà tí tíṣà dá iṣẹ́ náà padà, bírò pupa ló kún inú rẹ̀. Máàkì yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé láti ọjọ́ náà, kò gbé iṣẹ́ kankan wá bá mi mọ́. Tí mo bá bi í, á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Dádì, mo ti ṣe é." Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí tí ọmọ bá ti gbà lọ́kàn pé òbí òun kò mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ òun.

Ni mo bá mú ìwé náà, mò ń kà á nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́ títí mo fi parí rẹ̀. Àṣé obìnrin kan tó ń jẹ́ Scout ló ń sọ ìtàn náà, nípa ìgbà tó wà ní ọmọdé. Harper Lee ló dá a sílẹ̀. Ẹni tó ni kálàmù là ń pè ní òǹkọ̀wé. Ẹni tí òǹkọ̀wé yá ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni asọ̀tàn, òun ni àwọn tíṣà ń pè ní narrator.

Ó ní ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin kan kó ara wọn wá sí àtìmọ́lé, wọ́n fẹ́ pa Tom Robinson, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn. Scout já wọ àárín wọn, ó dá bàbá ọmọ kíláàsì rẹ̀ mọ̀, ó kí i, ó ní kó bá òun kí ọmọ rẹ̀. Ojú ti bàbá náà, ó kó àwọn yòókù, wọ́n lọ. Ọmọ náà kò mọ ohun tí òun ṣe. Àwa tí à ń kà á ló mọ̀, àyà wa sì ń já. Ká ní bàbá rẹ̀ tó jẹ́ lọ́yà ló ń sọ ọ́ ni, kò ní rí bẹ́ẹ̀ létí wa.

Ó wá kù bí mo ṣe máa bá ọmọ mi sọ ọ́. Ìtàn Sẹ̀gilọlá ni mo fi wọlé sí i lára. Ní ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá ló ń kọ wọ́n sí olóòtú. Ó ti darúgbó, àìsàn ń ṣe é, ìṣẹ́ ń bá a jà, ó wá ń sọ bí òun ṣe jayé láàárín àwọn ọkùnrin Èkó nígbà èwe òun. Ó dárúkọ àdúgbò tí ará Èkó mọ̀ dáadáa. Àwọn òǹkàwé gbà pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àṣé kò sí Sẹ̀gilọlá níbì kankan! I. B. Thomas, olóòtú náà fúnra rẹ̀, ló ń kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀. Ní 1930 ó kó wọn jọ di ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin ló ń ṣe bí ìyá arúgbó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún sọ fún un pé Sẹ̀gilọlá ń ronú pìwà dà, ṣùgbọ́n tó bá ń sọ̀rọ̀ fàájì àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí asọ̀tàn bá sọ là ń gbà bẹ́ẹ̀.

Bí èyí ṣe yé e, àwọn yòókù rọrùn. Ẹ̀dá ìtàn ni gbogbo ẹni tó wà nínú ìtàn. Èyí tó ṣe kókó jù ni olú ẹ̀dá ìtàn. Ìjàpá inú àlọ́ kì í yí padà, ọ̀kánjúwà ni lánàá, ọ̀kánjúwà ni lọ́la. Ṣùgbọ́n Scout ń dàgbà, ojú rẹ̀ ń là.

Ibùdó ìtàn, tí wọ́n ń pè ní setting, ju orúkọ ìlú lọ. Maycomb ni tiwọn, ìlú àròsọ kan ní ìpínlẹ̀ Alabama, láàárín ọdún 1930 sí 1939. Àwọn tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́ Tom, aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn. Ẹ gbé ẹjọ́ yẹn kúrò ní ìlú àti àkókò náà, ó ti di ìtàn mìíràn.

Àhunpọ̀ ìtàn, ìyẹn plot, ni bí òǹkọ̀wé ṣe to ìṣẹ̀lẹ̀ tí ọ̀kan fi ń fa èkejì. Apá ẹ̀gbọ́n Scout tó kán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ó sì di ìparí ká tó mọ ẹni tó ṣẹ́ ẹ. Ìyẹn ló ń fà wá lọ.

Èyí tó ń ṣòro fún àwọn ọmọ jù ni kókó ọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pè ní theme. Bí ọmọ bá ní, "Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni," ohun tó ṣẹlẹ̀ ló sọ yẹn. Ẹ bi í pé, "Kí ni ìwé náà ń sọ nípa ẹjọ́?" Ọmọ mi ronú díẹ̀, ó ní, "Pé kóòtù lè dá èèyàn lẹ́bi, kó má sì jẹ̀bi rárá." Mo ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá."

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ ò tilẹ̀ ka ìwé tí ọmọ ń kà, ẹ lè bi í léèrè: Ta ló ń sọ̀rọ̀? Níbo ni, nígbà wo? Kí ló fa kí ni? Kí ni ó ń sọ nípa ayé? Ẹ fi Yorùbá bi í. Kó fi èdè tó bá wù ú dáhùn. Bí ẹ ò bá sì mọ ìdáhùn, ẹ ní ẹ ò mọ̀, kí ẹ jọ wá a. Ohun tí èmi kò ṣe nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gbé iṣẹ́ mìíràn wá bá mi. Kó tó jókòó, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ 'mo' nínú ìwé ìròyìn ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin gan-an ni, àbí bíi ti Sẹ̀gilọlá?" Mo ní èmi gan-an ni o, ẹni tó wo orúkọ iwájú ìwé, tó dáhùn láì kà á.

Ó dìgbà kan ná.