Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n tún fi ń sáré ìje l'Amẹ́ríkà

Bí wọ́n bá dárúkọ eré ìje ọkọ̀, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni ọkọ̀ gígùn gbọọrọ kan tí owó rẹ̀ tó kọ́ ilé. Lóòótọ́, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú l'Amẹ́ríkà, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí pápá ìje sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, ọkọ̀ tí èèyàn máa rí níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé: Honda Civic, Toyota Corolla, Ford Mustang, àní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré pàápàá. Ẹni tó ni ín yóò san owó ìwọlé, wọn yóò yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò, yóò sì tò sórí ìlà bíi tàwọn yòókù.

Eré ọ̀hún kò díjú. Ọkọ̀ méjì yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan, tí kò ní kọ́nà kankan. Bí iná aláwọ̀ ewé bá ti tàn, ó di ká lọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 1,320 tàbí nǹkan bíi mítà 402, ni wọ́n máa ń sá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn pápá kan ń lo ìdajì rẹ̀. Ọkọ̀ ilé lásán lè lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 18 kó tó dé òpin.

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀

Lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, àwọn ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀ California bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀ àlòkù, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì ń fi í bára wọn díje lójú títì. Èyí kó ìdààmú bá àwọn ará ìlú àti ọlọ́pàá. Ní 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje tí wọ́n ń sanwó wọ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Santa Ana. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Wally Parks, tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Hot Rod, dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀. Ohun tó ń lé ni pé kí àwọn ọ̀dọ́ kúrò lójú títì, kí wọ́n bọ́ síbi tí òfin àti ààbò wà.

Ẹ̀WÌRÌ ALÁGBẸ̀DẸ

Àwọn tó mọ eré yìí dunjú kì í ti orí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀. Ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Sípíà táyà, jáàkì, irinṣẹ́ àti gbogbo pàǹtírí inú búùtù yóò bọ́ sílẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n máa ń ṣe ni pé bí kílò 45 bá kúrò lára ọkọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kù nínú àkókò rẹ̀. Ìyẹn kéré lójú ẹni tó ń lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n lórí pápá, ohun tó máa ń wà láàárín olúborí àti ẹni tó pàdánù kì í tó bẹ́ẹ̀.

Táyà ló kàn. Bí táyà bá ń yí lásán tí kò di ilẹ̀ mú, agbára ẹ́ńjìnnì ti ṣòfò. Nítorí náà, wọ́n máa ń dín atẹ́gùn kù díẹ̀ nínú táyà tó ń wa ọkọ̀ náà, kó lè fara kan ilẹ̀ dáadáa. Nínú Civic àti ọ̀pọ̀ Corolla, táyà iwájú ni. Wàhálà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé bó bá ti gbéra, ìwúwo rẹ̀ á sún sẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́. Ẹni tó bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò kàn máa rí èéfín táyà ni, ẹni tó rọra gbéra yóò sì ti lọ. Kí onítọ̀hún tó wa ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé, ó gbọ́dọ̀ fẹ́ táyà náà padà sí bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ti dé ilé alágbẹ̀dẹ rí mọ̀ pé bí wọ́n bá ṣe ń fín ẹ̀wìrì sí ni iná ṣe ń ràn sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì rí. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ pẹ̀lú epo tó bá a mu ló ń di agbára. Ìdí nìyí tí fíltà afẹ́fẹ́ tó mọ́ àti plọ́ọ̀gì tó dára fi ṣe pàtàkì. Ìdí náà nìyí tí ọkọ̀ fi máa ń sáré dáadáa nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù tó sì gbẹ, bíi ti òwúrọ̀ ọyẹ́, ju ọ̀sán gangan tí ooru mú lọ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní turbo ni ẹ̀wìrì gan-an. Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, òun náà á sì máa fún afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Àwọn mìíràn ń lo gáàsì nitrous oxide, èyí tí àwọn dókítà eyín fi ń dín ìrora kù. Bó bá gbóná nínú ẹ́ńjìnnì, á tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, iná á sì ràn gidigidi. Ṣùgbọ́n bí epo kò bá tó iye gáàsì yìí, ooru lè yọ́ písítìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ló ti dàlẹ̀ báyìí.

ALÁGBÁRA MÁ MÈRÒ

Ohun tó jẹ́ kí tálákà lè bá olówó díje ni ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní bracket racing. Ṣáájú ìje, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò kọ iye àkókò tó gbà pé ọkọ̀ òun yóò lò sára gíláàsì. Bí Corolla bá kọ 17.50, tí Mustang kọ 13.00, iná Corolla yóò fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ààbọ̀ ṣáájú ti Mustang. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló borí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sáré ju iye tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lọ, ó lè pàdánù nítorí ìyẹn. Ẹni tó bá gbéra kí iná tó tàn náà ti pàdánù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ẹni tó mọ ọkọ̀ rẹ̀ délẹ̀ ló máa ń gbégbá orókè níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ wọ́n jù.

ẸNI TÓ MỌ̀ Ọ́N SÁ GBỌ́DỌ̀ MỌ̀ Ọ́N DÚRÓ

Kí ọkọ̀ tó wọ pápá, wọ́n máa ń yẹ bíréèkì, táyà, bẹ́líìtì ìjókòó àti bátìrì wò, wọ́n sì máa ń wò ó bóyá epo ń jò. Òfin NHRA ni pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá lo ìṣẹ́jú àáyá 13.99 tàbí tó yá jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé akoto. Síbẹ̀, ewu kò tán. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, Scott Kalitta, tó jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, kú sórí pápá Englishtown ní New Jersey nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ bú gbàmù, tí ọkọ̀ ọ̀hún kò sì ṣeé dá dúró. Lẹ́yìn èyí ni NHRA dín ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ tó yára jù lọ ń sá kù sí ẹsẹ̀ bàtà 1,000.

Bó bá rí báyìí níbi tí òfin wà, ti ojú títì kò ṣeé fẹnu sọ. Willie Robinson, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n ń pè ní Big Willie, mọ èyí. Lẹ́yìn rògbòdìyàn Watts tó wáyé ní Los Angeles lọ́dún 1965, ó fi eré ìje ọkọ̀ kó aláwọ̀ dúdú àti funfun jọ, àwọn ọlọ́pàá sì bá a fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ní 1974, wọ́n ṣí pápá kan fún wọn ní Terminal Island. Wọ́n tì í, wọ́n ṣí i, títí wọ́n fi tì í pátápátá ní 1995. Ìgbà tí Robinson kú ní 2012, pápá náà kò tíì padà.

Civic àti Corolla yìí kan náà ló ń dé ọ̀dọ̀ wa ní tọ́kùnbọ̀. Ẹni tí kò ní í sáré ìje láéláé pàápàá yóò jàǹfààní bó bá sọ ẹrù tí kò wúlò kalẹ̀ nínú búùtù, tí atẹ́gùn táyà rẹ̀ sì pé, nítorí epo rẹ̀ yóò pẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kì í ṣe pápá ìje: ọmọ ọlọ́mọ, akẹ́rù àti ẹlẹ́ran ń bẹ lójú ọ̀nà. Bí ọ̀dọ́ kan nínú ilé bá ní òun fẹ́ kí ọkọ̀ òun sáré sí i, ìbéèrè méjì ló yẹ kí àgbà bi í: báwo ni bíréèkì rẹ̀ ṣe rí, níbo ló sì ti fẹ́ sá a?